Amọ̀ Inú Rédíò

Òórùn ẹja ni Mùsílíù kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó gbójú sókè. Nígbà tó wá gbójú sókè, irin gbígbóná tó fi ń jó òjé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì balẹ̀ sórí itan ṣòkòtò rẹ̀. Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ru agbọ̀n ẹja, ṣùgbọ́n ẹja kọ́ ló wà nínú agbọ̀n náà. Rédíò ni. Omi òjò ń kán létí gèlè rẹ̀, ó nàró ṣánṣán, kò tilẹ̀ fọwọ́ di ẹrù náà mú, bí ẹni pé rédíò kò wúwo ju fìlà lọ.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣòkòtò yín ń jó."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn ní Ṣómólú, lọ́dún 1957, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó fi ara ti ilé onítẹ̀wé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í fẹ́ jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ti ẹnu ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Mùsílíù Ọdẹ́túnjí nígbà náà. Onílẹ̀ ni bàbá rẹ̀ tó ti kú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti tán, orúkọ ló kù, orúkọ kò sì ṣeé kọ́lé lé lórí. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ fi fà á lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ ní Èbúté Mẹ́ta kó lọ kọ́ iṣẹ́ rédíò. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ dé ibi pé bí rédíò bá wúkọ́, yóò sọ ibi tó ti ń dùn ún.

Ọmọbìnrin náà ń jẹ́ Sabina, Àyìnkẹ́ sì ni oríkì rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí ọ̀sà ní Bàrígà. Japhet Ikúmápàyí apẹja ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, òun àti Rebecca, àbúrò ìyá rẹ̀, ni wọ́n jọ ń yan ẹja nílé.

Mùsílíù pa iná ara ṣòkòtò rẹ̀, ó fi ìtìjú gbé rédíò náà sórí tábìlì, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu yà á. Ìda ti yọ́, ó ti ṣàn kálẹ̀ nínú rédíò náà, ó sì ti dì mọ́ gbogbo wáyà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Nínú rédíò ìgbà náà, nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ̀ńdẹ́ńsà. Kò gùn ju ìdajì ìka lọ. Bébà àti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ká mọ́ra, tí wọ́n wá fi ìda bò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí ohùn kọjá, kó sì dá agbára bátìrì dúró kó má baà lọ síbi tí kò yẹ. Bí ìda bá yọ́, agbára á rá kọjá, rédíò á sì dákẹ́.

"Ṣé inú oòrùn lẹ máa ń gbé e sí?" ni Mùsílíù bi í.

"Rárá. Oòrùn kì í rí i rárá."

"Àbí ẹ máa ń tan án látàárọ̀ ṣúlẹ̀?"

"Wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni Sabina sọ. Ìbéèrè tó yẹ kí Mùsílíù bi í gan-an ni kò wá sí i lọ́kàn, Sabina náà kò sì ronú kàn án, nítorí pé ibi tí rédíò náà ń gbé nílé wọn ni nǹkan gidi gbogbo ń gbé nílé gbogbo ẹni tó mọ̀ láyé.

Mùsílíù pààrọ̀ àwọn kọ̀ńdẹ́ńsà náà. Ọjọ́ kẹta, Sabina padà wá, rédíò sọ̀rọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Mùsílíù kò sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, rédíò tún dé lórí Sabina. Ìda tún ti yọ́. Mùsílíù gbọn orí títí. Ó tún un ṣe, ó sì ní òun á sin ín dé etí omi. Wọ́n rìn gba ẹ̀yìn ilé àwọn aránṣọ, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Bàrígà, Mùsílíù ru rédíò, Sabina di agbọ̀n òfìfo dání.

"Àbí ẹ̀ ń fi rédíò yìí yan ẹja ni?" ni Mùsílíù fi ṣàwàdà.

Sabina rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Ṣómólú, àwàdà nìkan lẹ mọ̀."

"Ìgbà wo lo máa dẹ́kun pípè mí ní ẹ̀yin?"

"Ìgbà tí ẹ bá ra ṣòkòtò mìíràn."

Lọ́la ọjọ́ náà ni Mùsílíù lọ bá télọ̀. Láti ìgbà yẹn ni Sabina ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́, tí òun náà sì ń pè é ní Àyìnkẹ́. Bí ó bá wá ta ẹja ní Ṣómólú, yóò yà, yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa wo bí Mùsílíù ṣe ń jó òjé. Ohun tí wọ́n ń sọ kò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí, ẹ mọ̀ pé kò ní láti pọ̀.

Nígbà kẹta ni ọ̀rọ̀ di wàhálà. Japhet nìkan ló ní rédíò lójú ọ̀nà wọn. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, àwọn aládùúgbò máa ń kún ilé rẹ̀ láti gbọ́ ìròyìn. Lọ́jọ́ Sunday kan, nígbà tí ilé kún dẹ́nu, rédíò náà sín lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ọkùnrin kan ní tòun, rédíò tó ń kú lóṣooṣù, ó yẹ kí wọ́n máa sin ín ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Japhet kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ronú, ó sì rí nǹkan kan tó mú kí ara rẹ̀ gbóná.

Lọ́jọ́ kejì, Sabina gbé rédíò wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò kí Mùsílíù. Ó gbé e kalẹ̀, ó dúró.

"Bàbá mi ní ìwọ lò ń bà á jẹ́," ni ó wí. "Ó ní o máa ń tún un ṣe dé ìdajì, kí ó lè tètè bàjẹ́, kí n lè máa padà wá sọ́dọ̀ rẹ. Ṣé òótọ́ ni?"

Mùsílíù wò ó. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́, kò fi ẹ̀tàn tún rédíò ẹnikẹ́ni ṣe rí, ẹni tó fẹ́ràn jù láyé ló wá dúró níwájú rẹ̀ tó ń bi í bóyá olè ni. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù, pé ó bi í.

"Àyìnkẹ́," ó wí nígbẹ̀yìn, "inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i lórí rẹ. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ́ ló ń bà á jẹ́."

"Ta ni nígbà náà?"

"Mi ò mọ̀."

Sabina fi etí gèlè nu ojú. "Bàbá mi ti ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Màhín. Tí òjò bá dáwọ́ díẹ̀, ó ń bọ̀ wá gbé mi lọ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ní ọkọ̀ ẹja mẹ́ta. Wọ́n ti sọ ọ́ tán."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí bàbá mi jẹ̀bi," ni Sabina wí. "Láti kékeré mi, mi ò fẹ́ irú ẹ̀ rí. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Mùsílíù ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kó mú òun lọ sílé wọn, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí bí wọ́n ṣe ń lo rédíò náà. Ilé Japhet wà lórí òpó, omi ọ̀sà ń bọ̀, ó ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Mùsílíù, tí ilẹ̀ ni babańlá rẹ̀ ń tà, fi ẹ̀rù rìn lórí pákó wọlé. Ní ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń yan ẹja. Ààrò ńlá kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ wà níbẹ̀, ẹja tò lórí rẹ̀, èéfín ń rú. Lókè ààrò náà, wọ́n fi igi tẹ́ àjà kan. Àwọ̀n wà lórí rẹ̀, àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, Bíbélì wà níbẹ̀. Láàárín wọn, àyè kan ṣófo, onígun mẹ́rin.

"Kí ló máa ń wà níbẹ̀ yẹn?" ni Mùsílíù béèrè.

Rebecca, tó ń yí ẹja padà, wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé. "Rédíò ni. Ibo ni ènìyàn tún ń gbé rédíò sí?"

Mùsílíù wo àjà, ó wo iná, ó wo ẹja. Ó na ọwọ́ sókè díẹ̀, ooru lé ọwọ́ náà padà. Ó rántí àwàdà tó ṣe lọ́jọ́sí, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè dá a dúró. Ẹ̀rín ẹni tí ìyàlẹ́nu bá ni, kò sí àfojúdi kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún Japhet, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun àkàsọ̀ láti inú ọkọ̀ rẹ̀?

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín nínú ilé mi?" ni Japhet wí.

Mùsílíù dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ooru ló ń pa rédíò yín. Ẹ̀ ń yan án pọ̀ mọ́ ẹja ni."

Sabina di ẹnu mú. Ọjọ́ yẹn ló tó yé e, ojú sì tì í pé òun bá a wíjọ́.

Ṣùgbọ́n ojú kò ti Japhet. "Ibẹ̀ yẹn ni bàbá mi ń kó àwọ̀n rẹ̀ sí," ó wí. "Ibẹ̀ ni ìyá mi ń tọ́jú irúgbìn sí. Omi wà lábẹ́ ilé yìí, omi wà lára ògiri. Ará ibí kan gbé rédíò tiẹ̀ sórí tábìlì, kò lo oṣù mẹ́ta tó fi dípẹtà. Ibi gbígbẹ kan ṣoṣo ló wà nílé mi, ìwọ wá ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìkòkò ń gbé orí iná láti àárọ̀ dalẹ́, ooru kì í pa á. Tí o bá mọṣẹ́ lóòótọ́, lọ ṣe rédíò tí ooru ò ní pa. Títí o ó fi ṣe é, olè ni mo mọ̀ ọ́ sí, má sì jẹ́ kí n rí ọ pẹ̀lú ọmọ mi."

Ẹlòmíràn ìbá gbọ́ èébú, ìbá sì bá tiẹ̀ lọ. Mùsílíù gbọ́ èébú náà, ó sì dùn ún dé eegun. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dé Ṣómólú, ọ̀rọ̀ ìkòkò ló kù létí rẹ̀.

Ó ti rí irú rẹ̀ rí nínú rédíò ológun kan, kọ̀ńdẹ́ńsà tí wọ́n fi amọ̀ funfun ṣe, tí kò tóbi ju bọ́tìnì lọ. Ó lọ béèrè rẹ̀ ní Marina, wọ́n ní kò sí, bí ó bá sì wà pàápàá, yóò gba oṣù mẹ́fà kó tó ti ìlú òyìnbó dé. Oṣù mẹ́fà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ní kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, títí òjò yóò fi dáwọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ó pinnu láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó gbọ́ nígbà náà rẹ́rìn-ín tó.

Ó fẹ́ mọ amọ̀ ní pẹlẹbẹ kéékèèké, kí ó tín-ín-rín bí èékánná, kí ó sun ún, kí ó wá fi bébà dídán inú páálí sìgá sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi di ìdì kan bí ìwé kékeré. Amọ̀ á dí agbára bátìrì lọ́nà, bébà dídán á gba ohùn kọjá, kò sì sí ìda tí yóò yọ́. Ó mọ àkọ́kọ́, ó sun ún, gbogbo rẹ̀ fọ́. Ó mọ ìkejì, ó nípọn jù, ohùn rédíò kò ju ti kòkòrò lọ. Ó mọ ìkẹta, ó fọ́.

Sabina ló wá gbà á sílẹ̀. Rebecca ló máa ń mọ ààrò fún gbogbo ẹlẹ́ja ẹ̀bá ọ̀sà, ààrò rẹ̀ kì í sì í sán. Sabina bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì mú Mùsílíù wá bá a lẹ́yìn àtíbàbà rẹ̀ lórí ilẹ̀, níbi tí Japhet kì í dé.

"Amọ̀ nìkan ò lè dúró níwájú iná," ni Rebecca wí. "Ó nílò ẹni tó ti la iná kọjá rí láti bá a dúró." Ó mú àpáàdì ìkòkò tó ti fọ́, ó gún un lẹ́búlẹ́bú, ó jọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ amọ̀ tútù. "Ẹ wá fi ọwọ́ yín ṣe é. Kí ó má ṣe sí òkúta kankan nínú rẹ̀."

Wọ́n ṣe é ní ọ̀sán mélòó kan. Sabina a fi ìgò yí amọ̀ náà lórí pákó, Mùsílíù a fi abẹ fífẹ́lẹ́ gé e. Ọwọ́ wọn a máa kanra nínú amọ̀.

"Mo bi ọ́ bóyá olè ni ọ́," ni Sabina wí lọ́jọ́ kan, láìgbójú sókè.

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tó o fi padà wá?"

"Nítorí pé o dúró gbọ́ èsì," ni Mùsílíù wí. "Ẹlòmíràn á ti lọ."

Rebecca wúkọ́ lẹ́yìn wọn. "Amọ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ pò. Mi ò ní kẹ́ ẹ di ara yín lọ́wọ́ mú."

Ní ti bébà dídán, ìyẹn dá wàhálà tiẹ̀ sílẹ̀. Rọ̀kíbátù, ìyá Mùsílíù, ń gbá yàrá lọ́jọ́ kan, ó sì bá páálí sìgá mẹ́tàlélógójì lábẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilé wọn kò mu sìgá rí láti ìran baba. Nígbà tí Mùsílíù wọlé, ó bá ìyá rẹ̀ láàárín àwọn páálí náà, tó ń wò ó.

"Màmá, mi ò fà á. Mo tọrọ òfìfo wọn ni. Bébà inú wọn ni mo fẹ́, fún rédíò kan."

"Rédíò ta ni?"

"Ti bàbá ọmọbìnrin kan."

Rọ̀kíbátù gbójú sókè. "Ọmọbìnrin ibo?"

"Ìlàjẹ ni, ní Bàrígà. Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ẹja ni wọ́n ń yan."

Rọ̀kíbátù wo páálí sìgá, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ó sàn ju sìgá lọ," ó wí. "Mú un wá kí n rí i."

Pẹlẹbẹ ogún ni wọ́n sun lẹ́yìn náà, ọ̀kan ṣoṣo ló fọ́. Mùsílíù to àwọn yòókù pọ̀, ó jó wáyà mọ́ wọn, ó sì fi wọ́n sípò àwọn kọ̀ńdẹ́ńsà onída tó máa ń yọ́. Ó gbé rédíò náà sórí irin, ó gbé irin lé orí ìkòkò èédú tó pọ́n, ó tan án. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, rédíò sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Òǹtẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa ẹ̀rọ tiẹ̀ kó lè wá wò ó. Ọkùnrin náà kò rí i rí pé kí wọ́n máa dáná sábẹ́ ohun tó ń ka ìròyìn.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Sunday, Mùsílíù fi tapólì bo rédíò, ó gbé e lọ sí Bàrígà nínú òjò náà. Ilé Japhet kún bíi ti tẹ́lẹ̀, ó tún kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ìròyìn ti tàn pé ọmọ Ṣómólú kan ti fi ìkòkò ṣe rédíò. Sabina dúró ti ògiri. Mùsílíù so bátìrì mọ́ ọn, ó yí bọ́tìnì.

Kò sí nǹkan kan. Rédíò náà hó díẹ̀, ó sì pa lọ́lọ́.

Ó tún un yí. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo gbogbo wáyà. Kò rí ohun tó ṣẹ́, kò rí ohun tó já. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló burú jù, pé àánú ṣe wọ́n. Japhet fúnra rẹ̀ dìde, ó fi ìbínú yí bọ́tìnì náà dé òpin, ó sì jókòó padà.

"Bàbá," ni Mùsílíù wí, "ẹ̀bi mi ni. Iṣẹ́ mi ni kò dáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá Sabina wí sí i."

Ó jáde sínú òjò. Ó rìn dé Ṣómólú láìmọ ọ̀nà tó gbà. Ó sùn sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo òrùlé, ó ń ro gbogbo nǹkan tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kò rí ibi tó ti ṣìṣe. Nílé Japhet, Rebecca gbé rédíò padà sórí àjà pẹ̀lú wáyà bátìrì lára rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni nǹkan ilé ń gbé, yálà ó wúlò tàbí kò wúlò. Kò sí ẹni tó rántí yí bọ́tìnì rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ Monday, kò sí ẹja, kò sí iná. Lọ́jọ́ Tuesday, òjò dáwọ́. Àwọn apẹja kó ẹja púpọ̀ wálé, àbúrò Japhet náà sì gúnlẹ̀ láti Màhín láàárọ̀. Sabina ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí kan. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá Rebecca yan ẹja ọjọ́ náà tán kí òun tó lọ. Ó fẹ́ sunkún níbi tí èéfín wà, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè ohun tó ń ṣe é lójú.

Wọ́n dáná látàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, tí àbúrò Japhet ń jẹun, tí ààrò ti gbóná dáadáa, ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ látòkè, nínú èéfín.

Èdè òyìnbó ló ń sọ, ó sì ń pariwo, nítorí pé Japhet ti yí bọ́tìnì dé òpin. Agbọ̀n ẹja bọ́ lọ́wọ́ Rebecca. Àlejò Màhín fò dìde, oúnjẹ dà sí i lára, ó sì ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kó tó béèrè ẹni tó wà lórí àjà. Japhet dúró láàárín ilé, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo àjà bí ẹni tí òkú kí. Ohùn náà ń ka ìròyìn lọ, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe máa ń ṣe.

Sabina nìkan ni kò sá. Ó dúró níbi tó wà, ọ̀rọ̀ náà sì yé e díẹ̀díẹ̀, omi ojú rẹ̀ ń dà, kì í ṣe ti èéfín.

"Bàbá," ó wí, "amọ̀ máa ń mu omi. Ìkòkò tí ẹ bá gbé sínú òjò, ṣé kì í mumi ni? Òjò ọjọ́ mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀ ní Ṣómólú, ilé wa náà tún tutù. Iná ló gbẹ ẹ́. Ibi tó ń pa ti òyìnbó ni èyí ti ń yè."

Japhet fa àpótí, ó jókòó lábẹ́ àjà. Wọ́n yan ẹja ọjọ́ náà tán, rédíò kò dákẹ́. Wọ́n dáná ní ọjọ́ kejì, kò dákẹ́. Àlejò Màhín bi í léèrè ìgbà tí àwọn yóò ṣíkọ̀. Japhet ní kó máa nìṣó nìkan, kó bá òun kí ará ilé.

Ní ọjọ́ kẹta ni ohun tó ya gbogbo Ṣómólú lẹ́nu ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bàbá ọmọbìnrin kì í lọ sílé ọkọ lọ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ilé rẹ̀ ni yóò jókòó sí, wọ́n á wá bá a, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, yóò tún ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n Japhet Ikúmápàyí wọ agbádá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó béèrè ilé títí ó fi dé iwájú Rọ̀kíbátù. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mùsílíù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dé, ó rí Japhet nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì rò pé ó wá jà ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè padà.

"Rédíò rẹ ń sọ̀rọ̀," ni Japhet wí. "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Orí ààrò ló wà."

Mùsílíù wo Sabina. Sabina mi orí sí i.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé mi wá," ni Japhet tún wí. "Lọ́jọ́ Sunday, níwájú gbogbo wa, kí ló dé tí o ò sọ pé ilé mi ló tutù jù? Mo ti ń retí rẹ̀. Mo ti ní èébú tí mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn."

"Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo rò pé iṣẹ́ mi ni kò dáa lóòótọ́."

Japhet mi orí lọ́ra. Ó yíjú sí Rọ̀kíbátù. "Ìyáa wa, mo pe ọmọ yín ní olè lójú àwọn ará ilé mi. Olè kì í gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀. Mo wá gba ọ̀rọ̀ mi padà lẹ́nu ara mi, nítorí pé kò sí ẹni tó lè bá mi gbà á padà. Sabina nìyí. Bí ẹ bá ṣì ń fẹ́ ẹ, kí àwọn ènìyàn yín wá bá mi."

Sabina kúnlẹ̀ níwájú Rọ̀kíbátù. Ìyá náà gbé e dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú, ó wò ó dáadáa. "Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀," ó wí.

Gbogbo wọn wá ń wo Mùsílíù. Ẹni tó ń mú kí ohun tó dákẹ́ sọ̀rọ̀ kò rí ohùn tirẹ̀ lò. Ó kàn nà gbọọrọ sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì pálọ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Japhet tẹ̀ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Dìde, ọma mi," ó wí. Èdè ilé wọn ló fi sọ ọ́, èyí tí kì í bá àlejò sọ.